Wíìlì Tí Ó Ń Kọjú Sí Igun Kan

Ṣọ́ọ̀bù wa, Mushin,
Ọjọ́rú, kí n tó tan iná ìjórin.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ o, ọmọ mi tó ń wa katakata. Ara mi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń bá a jà bí òjò bá ti ń ṣú. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ẹni tí o máa mú wálé. Mo ti bi ọ́. Má dá èmi lóhùn, òun ni kí o dá lóhùn.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló ṣe Bàbá tó ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Fóònù ò lè gba ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí mo bá pè ọ́, o ó ní, "Bàbá, mo wà ní sáìtì, ẹ jẹ́ n pè yín padà," ibẹ̀ ló máa parí sí. Lẹ́tà kò ṣeé gé lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sórí báǹṣì láti àárọ̀ tí mo ń kọ ọ́. Bí o bá rí àbààwọ́n gírísì lára ìwé náà, fojú fò ó.

Sùlé oníkẹ̀kẹ́ yóò gbé wíìlì méjèèjì wá fún ọ ní Ọjọ́bọ̀. Mo di lẹ́tà yìí sínú ọ̀rá, mo sì so ó mọ́ wíìlì òsì. Kà á tán kí o tó fi wíìlì kankan sí ẹ̀yìn katakata yín.

Ohun méjì ni o sọ nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́ Àìkú. Èkíní ni pé réèkì tí katakata yín ń fà lórí pápá ilé ìwé yẹn ń wọlẹ̀ jù, pé dípò kí ó máa tẹ́ ilẹ̀, kòtò ló ń gbẹ́. O ní wíìlì tó máa gbé e sókè kò sí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, èyí tí wọ́n bá sì ránṣẹ́ sí yóò pẹ́ kó tó dé. O wá sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé bàbá rẹ ń jó irin, pé bàbá rẹ á ṣe é. Àṣàkẹ́, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n wá gbọ́.

Èkejì, o sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. O ní eyín réèkì hú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ kékeré kan jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, tòun ti aṣọ funfun tó ti ń jẹrà. O ní òwú ìlẹ̀kẹ̀ náà kò tíì já. Máníjà yín ní kí ẹ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ parí pápá kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó wọlé. O wá bi mí pé, "Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan."

Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, ni mo sọ fún obìnrin kan kí a tó bí ọ, ara mi kò sì tíì balẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nínú gbogbo lẹ́tà yìí kò ju ẹyọ kan lọ: má ṣe jẹ́ kí réèkì yẹn tún kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà títí tí a ó fi wá ẹni tó ni ọmọ náà kàn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni, mo mọ̀ pé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé ọ. Mo ti rò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti wíìlì, nítorí iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Réèkì tí katakata ń fà, òòyà ni àwa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, torí eyín rẹ̀ tó tò lọ gbọọrọ. Bí kò bá ní wíìlì lẹ́yìn, ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ ni yóò ti rì wọlé. Wíìlì bárò ni mo lò fún tìrẹ, èyí tí rọ́bà rẹ̀ le, tí kì í gba afẹ́fẹ́, nítorí táyà tó bá ń jò yóò máa purọ́ ìwọ̀n fún ọ. Mo tẹ irin pẹlẹbẹ tó nípọn di fọ́ọ̀kì, mo jó ọ̀pá ròbótó mọ́ ọn lórí, ọ̀pá náà sì wọ inú páìpù tí ẹ ó fi bóòtì dè mọ́ ẹ̀yìn òòyà. Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ máa yí fàlàlà nínú páìpù, kí wíìlì lè tẹ̀lé katakata nígbà tí o bá ń kọ́nà. Bí ó bá le, yóò máa wọ́ ilẹ̀ ni, yóò sì ṣẹ́ apá rẹ̀. Fún un ní gírísì láràárọ̀, má ní mo ti fún un lánàá.

Láàárín fọ́ọ̀kì àti páìpù, òrùka irin márùn-ún wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Àwọn òrùka yẹn ni ìwọ̀n rẹ. Bí wọ́n bá pọ̀ lábẹ́ páìpù, òòyà yóò gòkè; bí o bá yọ ọ̀kan, tí o gbé e sí òkè páìpù, yóò sọ̀kalẹ̀. Mo fi márààrún sí abẹ́. Má sì wọn gíga rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì o. Orí yẹ̀pẹ̀ tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ lé ni kí o ti wọ̀n ọ́n, torí wíìlì máa ń rì díẹ̀. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn nígbà èwe mi, àmọ́ èyí tó kéré jù ni.

Gbogbo irin tó wà lára wíìlì rẹ yìí, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé àwọn òrùka yẹn láti ara páìpù tuntun. Mo ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù ni, mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo gba kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan, mo sì ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo dá irin sáyé. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Làmídì, òun ló ni katakata tó máa ń tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ènìyàn ládùúgbò wa nígbà náà. Ó gba iṣẹ́ pápá kan ní Àgùdà, ilẹ̀ tó ti wà ní igbó tipẹ́, tí ilé ti yí ká. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ, torí òòyà rẹ̀ máa ń ṣẹ́ eyín. Òun náà kò ní wíìlì lẹ́yìn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, òòyà ń wọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tìrẹ. Igi ìyeyè kan wà ní igun pápá. Ibẹ̀ ni ó ti hú irin kékeré kan jáde, òrùka ni, ó ti dípatà, ṣaworo mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó jẹ́, Àṣàkẹ́. N ò lè sọ pé n ò mọ̀. Irin ẹsẹ̀ ọmọ ni, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àbíkú kí ó má baà tún lọ. Ṣùgbọ́n wẹ́dà kì í rí irin nílẹ̀ kí ó fi sílẹ̀. Mo jù ú sápò.

Ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Làmídì ní kí n yára ṣe wíìlì fún òun kí iṣẹ́ má baà dúró. Bí èyí tí mo ṣe fún ọ yìí náà ni mo ṣe é. Nígbà tí mo to òrùka sórí ọ̀pá òsì, ó ku ẹyọ kan kó pé. Kò sí páìpù nílẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ṣé o ti ṣe tán? Abẹ́gì, oòrùn ti ń mú!" Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa irin ẹsẹ̀ yẹn yọ, mo fi wọ ọ̀pá. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́ẹ́, kò fẹ̀, kò há. Mo gé ṣaworo méjì kúrò. Ẹ̀kẹta ti dì mọ́ ìpatà, mo ní kò lè dún mọ́, mo bá fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Woro. Yóò sinmi díẹ̀. Woro. O mọ ariwo katakata, o mọ̀ pé ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ ṣaworo yẹn ketekete. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Làmídì pa ẹ́ńjìnnì, tí wíìlì ti dúró, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kí lo gbé sínú wíìlì yìí?" ló bi mí.

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ó máa jẹ ara ẹ̀ tán."

A jókòó láti jẹun. Mo gbójú sókè, mo rí i pé wíìlì ọ̀tún kọjú síwájú bí katakata ṣe kọjú, ṣùgbọ́n wíìlì òsì ti yí padà, ó kọjú sí igun igi ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n ní ilẹ̀ ló dagun. Lóòótọ́, wíìlì tó ń yí fàlàlà máa ń tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ bá dà sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé, a gbé katakata sórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú lẹ́nu géètì, àwa méjèèjì sì dúró wò ó. Mo fi ọwọ́ ara mi yí wíìlì náà sí ọ̀nà títì. Mo lọ bu omi mu nínú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí mo padà dé, igun igi ìyeyè ló tún kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n Làmídì kò sọ pé ilẹ̀ ló dagun mọ́. Ó kàn gbá mi léjìká, ó ní ká máa lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. N ò sọ pé kí o gba ohunkóhun gbọ́ ju ohun tí mo fojú rí lọ, ìwọ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà, torí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo sì rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ọkùnrin nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, ìyá kan jáde láti inú ilé tó kọjú sí pápá. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ró ìró mọ́ àyà, kò wọ bàtà. Ó dúró lójú ọ̀nà katakata títí tí ẹ̀gbọ́n fi ní láti dúró.

"Ẹ̀yin ọmọ, ta ló wọ irin nínú yín?"

"Irin wo, Màmá?" Ẹ̀gbọ́n Làmídì ló dáhùn.

"Irin ẹsẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ láti àná. Málọmọ́ mi ló ń rìn yẹn. Mo mọ ìrìn rẹ̀, ó máa ń tiro ẹsẹ̀ kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, katakata lẹ̀ ń gbọ́, kò sẹ́ni tó wọ irin." Ìyá náà kò wò ó. Èmi ló wò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì náà, ọwọ́ mi sì wà lórí páìpù. Ó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, kò sí nǹkan."

Kò bá mi jiyàn. Ó yà fún wa, katakata bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó sì ń tẹ̀ lé òòyà lẹ́yìn. Ọ̀sán yẹn gbogbo ló fi ń rìn tẹ̀ lé wa, láti òpin pápá dé òpin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ilẹ̀ bí ẹni tó ń rọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ tuntun tí a yà. Àwọn àmì kéékèèké kan tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àmì wíìlì òsì ni, pé ó ń fò nítorí n kò wọn gíga rẹ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo tètè dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Mo tú wíìlì òsì, mo yọ irin ẹsẹ̀ náà, mo fi òrùka gidi rọ́pò rẹ̀. Ohùn náà dáwọ́ dúró. Wíìlì náà ń lọ síbi tí ó yẹ kó máa lọ. Ìyá Ìjẹ̀ṣà jáde gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lánàá, ó dúró, ó dẹtí. A yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì dúró níbẹ̀. Níkẹyìn ó sún mọ́ mi, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé ó ti dé ibi tó ń lọ ni?"

Mo ń di bóòtì tó ti le tẹ́lẹ̀. Ó wọlé lọ, kò sì tún jáde wá bá wa mọ́ títí a fi parí iṣẹ́.

Irin náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ohun tí o máa bi mí nìyẹn. Mo jù ú sínú àpò irin àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ra àlòkù kó o lọ pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n sì ti yọ́ ọ. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe nìyẹn. N ò lè dárúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́: irin tí o kò bá mọ ẹni tó ni ín, má fi ṣiṣẹ́, bó ti wù kó wọ̀ tó. Èyí tó bá wọ̀ jù gan-an ni kí o bẹ̀rù. Ìkejì ni pé má jẹ́ kí ariwo ẹni tó ń kánjú wọ inú ọwọ́ rẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Máníjà yín ní kí ẹ parí pápá kí ilé ìwé tó wọlé; ẹ̀gbọ́n Làmídì náà ní oòrùn ti ń mú. Oòrùn ọjọ́ yẹn ti wọ̀ tipẹ́, òun náà ti kú, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Èmi ni ó kù tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi.

Ìkẹta wà tí mo fẹ́ sọ nípa bí o ṣe máa bá àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe, àwọn tó máa ń wò ọ́ bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí òrùlé nígbà tí o bá gun katakata. Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Kí wọn láàárọ̀, kí wọn lálẹ́, kí o sì wà á ju bí wọ́n ṣe lè wà á lọ. Ìyẹn ti tó.

Jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi.

Ọdún púpọ̀ kọjá. Mo fẹ́ ìyá rẹ, a bí ọ. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún kan, ara rẹ kò yá, o ń yọ́ lọ lójú wa. Gbogbo òru ni ibà fi ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ń ṣe tirẹ̀, àwa ń gbàdúrà. Ìyá ìyá rẹ dé láti ilé, kò bi ẹnikẹ́ni, ó so irin oníṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní, "Màmá, mùsùlùmí ni wá." Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ máa kírun yín, kí n máa ṣọ́ ọmọ mi."

Nígbà tí ibà yẹn fi ọ́ sílẹ̀, o dìde, o di àga mú, o rìn wá bá mi. Woro. O sinmi díẹ̀. Woro. Àṣàkẹ́, mo sá jáde kúrò nínú yàrá. Mo fi ọmọ mi tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá sílẹ̀ lórí ìdúró, mo sá. Ìyá rẹ kò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní, àfi bí o bá ka lẹ́tà yìí sí i létí.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Àgùdà. Ìyá Ìjẹ̀ṣà ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú mi wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igi ìyeyè dé orí àpò irin àlòkù. N ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ń retí pé yóò ṣépè fún mi, mo sì ti pinnu pé n ó ṣe àmín.

Kò ṣépè. Ó ní, "Ìwọ ni wẹ́dà yẹn."

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé o mọ̀ pé a kì í fi ibi tí wọ́n sin ọmọ han ìyá rẹ̀? Àwọn àgbà ilé ọkọ mi ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n ní kí n má bèèrè, kí n má sunkún, kí èyí tó ń bọ̀ má baà gbọ́. N ò bèèrè. N ò sunkún. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rìn lórí ilẹ̀ Àgùdà bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, torí n ò mọ ibi tí mo lè tẹ ọmọ mi mọ́lẹ̀."

N ò lè gbé orí sókè.

"Ọjọ́ méjì péré ni mo fi mọ ibi tó wà. Mo gbọ́ ọ, mo jáde, mo rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó mú mi dé ẹnu ilé rẹ̀. Ìwọ lo gbé e pamọ́ fún mi." Ó wá ní, "Ká ní o sọ fún mi pé irin ni, pé abẹ́ igi ìyeyè ni, ǹ bá lọ jókòó síbẹ̀. Kí ni ì bá ná ọ?"

Mo ní kí ó jẹ́ kí n mú un lọ síbẹ̀ báyìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, mo di èkejì. Ìgbà tí a dé ibẹ̀, igi ìyeyè kò sí mọ́. Wọ́n ti da kọnkéré bo gbogbo igun náà, ọkọ̀ àwọn ènìyàn sì wà lórí rẹ̀. Ìyá náà kúnlẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí kọnkéré, ó sì fi etí lé e.

Ó bi mí pé, "Irin mélòó lo mú?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

"Méjì ni mo so mọ́ ọn."

Ó fi etí rẹ̀ síbẹ̀ títí. Àwa dúró. Kí n má purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì, n ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òun ń gbọ́. Ó kú kí ọdún yẹn tó parí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé títí di ìgbà tí agbára rẹ̀ fi tán, ó máa ń ní kí wọ́n mú òun lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kí òun lọ kí ọmọ òun.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tí o pè. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ hú yẹn, òwú rẹ̀ kò tíì já. Òwú kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ bí irin. Ìyẹn ni pé ẹni tó so ó mọ́ ìdí ọmọ yẹn lè ṣì wà láàyè. Ó lè wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ojú fèrèsé wọn kọjú sí pápá yín, kó máa wo katakata rẹ lójoojúmọ́, kó má mọ ohun tó ń wò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ wọn ò sọ fún wa pé nígbà mìíràn tí òtítọ́ bá fi máa dé, wọ́n á ti da kọnkéré bò ó.

Nítorí náà, gbọ́ bí o ṣe máa ṣe é. Ibi tí ẹ ti wa yẹ̀pẹ̀ bo ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, má tún hú u. Fi òkúta yí i ká, kó hàn fún ẹni tó bá ń kọjá. Má mú ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ sílé, bó ti wù kó wuyì tó. Lọ bá máníjà yín nígbà tí òun nìkan bá wà, má bá a sọ̀rọ̀ níwájú àwọn yòókù, torí ọ̀gá tí a bá dójú tì kì í lè yí ọ̀rọ̀ padà mọ́. Sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ ọgbà sílẹ̀ ná, ká sọ fún àwọn tó ni ilé ìwé àti baálẹ̀ àdúgbò." Bó bá gbà, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kọ̀, pa katakata, fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yọ, fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì sọ pé o kò lè wà á dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí ìyẹn lé ọ, máa bọ̀ nílé. Àyè wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Iṣẹ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a lè rí òmíràn.

Kí ẹ wá kan ilẹ̀kùn àwọn ilé tó yí pápá ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ pé ẹ rí òkú. Ẹ kàn bèèrè bóyá ẹnì kan wà tó fẹ́ mọ ibì kan. Ẹni tó ni ín á mọ̀ pé òun lẹ̀ ń bá wí.

Ìyẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ á bà ọ́ jù. Ó bà mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ènìyàn lè jó irin láìwọ gíláàsì kó má sunkún, ṣùgbọ́n kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá kan kó má lè la ẹnu. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi, n kò sì ní gbé ohun tí mo sá fún lé ọ lórí, kí n wá padà sórí báǹṣì mi láti máa mu omi tútù.

Má dá lọ kan ilẹ̀kùn kankan. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé n ò ní sí ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, mo ń bọ̀. Dúró dè mí ní ẹnu géètì pápá. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí, ẹ̀yìn mi ni kí o dúró sí.

Èmi ni n ó sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ.